Béárì Tí Lyle Torgerson Fi Ọ̀rá Pè

Lyle Torgerson kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó burú jọjọ: bí ó bá ti fọkàn sí nǹkan, kò tún sí òfin lójú rẹ̀ mọ́. Lójú tirẹ̀, àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni òfin wà fún. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọdọọdún ni tirela mi àti tirẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ibùdó orí òkè wa ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko nígbà ẹ̀rùn. Tirela tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó ẹrù o. Ilé kékeré ni, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Lyle mú ìyá rẹ̀, Opal, dání. Ìyá náà ti darúgbó, dókítà sì ti ní ọkàn rẹ̀ kò ní lè gba ibi gíga mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ìsàlẹ̀ òkè yìí ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ kò fojú kan béárì rí. Bí àwọn yòókù bá ti rí i, kí òun tó dé fèrèsé, béárì ti lọ.

"Màmá, ẹ máa rí béárì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí," ni Lyle wí bó ṣe ń fi igi dá taya tirela dúró.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo bí i ni, tó o fi máa ní kó wá kí mi?"

"Ẹ ṣáà máa wò mí."

Ní ibùdó wa, ọmọdé pàápàá mọ òfin oúnjẹ. Èérún búrẹ́dì kò gbọdọ̀ wà níta. Ọ̀rá tí a fi dín ẹran, a ó jẹ́ kó dì, a ó kó o sínú agolo, a ó sì gbé e lọ sínú àpótí irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò kì í fẹ́ padà sídìí èso igbó mọ́. Yvette, obìnrin ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń mójú tó ibùdó, máa ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó sọ ọ́ fún Lyle náà.

"Yvette, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gun òkè yìí," ni Lyle fi dá a lóhùn.

Láràárọ̀ ni Màmá Opal ń jókòó sí fèrèsé, àgbọ̀nrín nìkan ló ń rí. Nígbà tí Lyle rí i pé ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ó gbé ọ̀rá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dín láàárọ̀, ó lọ dà á sórí kùkùté igi tó kọjú sí fèrèsé ìyá rẹ̀.

"Lyle, agolo ọ̀rá dà?" Marlys, ìyàwó rẹ̀, ló bi í.

"Mo ti gbé e lọ."

"Bàtà ẹ ń rùn bí ẹran díndín."

"Marlys, jẹ́ n sinmi, jàre."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbọ́ igbe. "Lyle! Marlys! Ẹ wá o, ó ti dé!" Èmi náà sáré jáde. Béárì dúdú tó ń dán ni, ó ń lá kùkùté. Màmá fọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá kí mi," ló ń wí. Lyle ya fọ́tò béárì náà, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹ̀yìn. Ní tòótọ́, ayọ̀ ìyá yẹn dùn ún wò.

Ṣùgbọ́n Lyle kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ó da ọ̀rá lọ́jọ́ kejì, ó tún dà á lọ́jọ́ kẹta, béárì sì ń wá. Ìgbà tí Marlys ká a mọ́ ìdí kùkùté ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

"O fẹ́ sọ ilé wa di búkà béárì! Mò ń lọ bá Yvette."

"Inú Màmá ń dùn, ìyẹn ò tó ẹ ni? Ó dáa, mi ò dà á mọ́. Ó parí."

Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìlérí yẹn, kò da nǹkan kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ pẹja lódò. Béárì dé, ó bá kùkùté lófìfo, ó sì gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí Màmá gbé kaná. Ó ya ilẹ̀kùn tirela bí ẹni ya páálí. Mo gbọ́ igbe ìyá, mo fo sínú mọ́tò, mo tẹ fèrè mọ́lẹ̀. Àwọn ará ibùdó ń lu ìkòkò, wọ́n ń pariwo, títí béárì fi jáde pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. A bá Màmá láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, gíláàsì ilẹ̀kùn tó fọ́ ti ya á lápá, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Yvette gbé ìbọn dé. "Béárì tó bá ti já ilẹ̀kùn nítorí oúnjẹ, kò síbi tá a lè gbé e lọ mọ́," ló wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró ìbọn nínú igbó. Lyle àti Marlys ti sáré dé láti odò nígbà náà.

"Kí ló dé tó fi ṣe báyẹn?" ni Màmá ń bi wá. "Jẹ́jẹ́ ló ti ń wá kí mi."

Yvette padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ha kùkùté, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wo Lyle. Màmá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Lyle, ìwọ ni?"

"Màmá, nítorí yín ni."

"Mo ní mo fẹ́ rí béárì. Mi ò ní kó o pa á fún mi."

Wọ́n bu owó ìtanràn lé Lyle, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ dé òkè náà mọ́ láé. Tirela bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mọ́tò mi ni Màmá wọ̀ sọ̀kalẹ̀ délé, kì í ṣe ti Lyle. Nígbà òtútù, Lyle fi férémù sí fọ́tò béárì náà, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Màmá wò ó títí, ó sì dá a padà. "Gbé e lọ sílé ẹ. Fi kọ́ ibi tí wàá ti máa rí i láràárọ̀." Kí ẹ̀rùn mìíràn tó dé, Màmá ti kú. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ilé ìdáná Lyle.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìfẹ́ kì í ṣe àwáwí fún rírú òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀mí. Ó dára kí ènìyàn pinnu láti múnú òbí rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ẹ̀tàn ṣe é ń kó wàhálà bá ẹni tó fẹ́ràn àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe.