Obìnrin Inú Kàtúùnù Bàbá Kẹ́mi

Nígbà tí Fẹ̀sọ̀jayé, bàbá Kẹ́mi, gba Rente, owó ìfẹ̀yìntì wọn ní Germany, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya kàtúùnù. Fọláwùnmí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn ní àdúgbò Wedding ní Berlin fi ń fi igi gbá àjà. Ọkùnrin tó kó ẹrù fún ogún ọdún, tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le ju páànù ìbolé lọ.

Ó kúkú lọ. Gbogbo ọjọ́ Tuesday ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin U-Bahn lọ sí àdúgbò Neukölln, lọ́dọ̀ tíṣà kan tó ń jẹ́ Sophie. Sophie ní kí wọ́n kọ́kọ́ fa òbìrí, kí wọ́n fa ìlà méjì gba àárín ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ojú àti imú máa jókòó sí. Ohun tó bá tóbi lára èèyàn, kí wọ́n jẹ́ kó tóbi sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Fọláwùnmí ṣàkíyèsí nǹkan kan. Òbúkọ tí ọkọ ẹ̀ yà ní ojú obìnrin: èéjí gbàgàdà tí lọ́rì lè gbà kọjá, àpá kékeré lókè ojú òsì. Ọlọ́pàá tó yà, ojú yẹn náà ni. Tòmátì náà.

"Bàbá Kẹ́mi, ta lobìnrin yìí?"

"Obìnrin wo? Tòmátì nìyẹn."

"Tòmátì tó ní èéjí?"

"Ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mo bá a wí títí, kò gbọ́."

Látọjọ́ náà, ọkàn Fọláwùnmí ò balẹ̀ mọ́. Tó bá ń gúnyán, ó máa ń ṣe é bíi pé obìnrin inú ìwé yẹn ń mí sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó da àwọn ìwé náà dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ń wò ó.

Hamburg ló ti pàdé ọkọ ẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà dá wà bí igi ọ̀pẹ inú oko. Ọdún kẹrìnlélógún rèé, kò pe ilé rí. Kì í lọ sí ìpàdé àwọn ará Ìkìrun, ìlú ẹ̀. Tí ọjọ́ ìpàdé bá pé, á ní inú ń run òun. Ọjọ́ Sunday tí ará Ìkìrun kan dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Hamburg, kí tọ̀hún tó ṣe àmín, Fẹ̀sọ̀jayé ti ń di ẹrù Berlin. Fọláwùnmí ò béèrè. Ó mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé ìyàwó kan wà nílé. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí ẹnikẹ́ni má wá gba ọkùnrin yìí lọ́wọ́ òun.

Owú ò jẹ́ kó gbé jẹ́ẹ́. Ó ya fọ́tò tòmátì yẹn, ó gbé e sí WhatsApp àwọn ìyá ìjọ: "Ta ló mọ obìnrin yìí?"

Ọjọ́ kejì, fọ́tò náà ti dé Steilshoop ní Hamburg, ìpè sì wọlé láti ibẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Níkẹ́ lorúkọ mi. Ta ló ya ìyá mi? Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi níbí, wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ."

"Ẹ mú wọn wá ní Sátidé," Fọláwùnmí ní. "Ká yanjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Kò sọ fún ọkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ ẹ̀ ń ya erin nínú pálọ̀ nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Fọláwùnmí ṣílẹ̀kùn. Èéjí yẹn rèé, àpá yẹn rèé. Ó ti kó èébú jọ tó gùn láti Berlin dé Hamburg.

"Ẹ wọlé, ẹ wá wo ọkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mú un lọ."

"Ọkọ wo, àbúrò mi?" Ọládùnní, ìyá Níkẹ́, béèrè.

Àga ṣófo. Pẹ́ńsù ṣì ń yí lórí tábìlì. Bàtà méjèèjì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àjà kẹrin ni wọ́n wà, fèrèsé sì tì látinú.

"Bàbá Kẹ́mi?"

Kò sí nílé ìtọ̀. Kò sí ní kíṣíìnì. Nígbà tí Fọláwùnmí padà dé pálọ̀, Ọládùnní ti dúró síwájú fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, ó fi ìka kan ojú ọkọ ìyàwó.

"Jọ̀ọ́, má bínú, n ò wá gba ọkọ," ó ní, "ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ òkú ọkùnrin yìí n'Ìkìrun, Níkẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó."