Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Ọlọ́dà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń dá gbé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá Ọlọ́dà fi dúró kó tó rí yàrá gbà nínú ilé alájà mẹ́rin náà. Ilé àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ni. Owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n, ìyẹn nìkan sì kọ́. Nísàlẹ̀ ilé gan-an, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oògùn wà, ẹni tó ń bá wọn kọ ìwé sí ìjọba náà wà. Láti ẹnu ọ̀nà Bàbá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún péré ni.

Ogójì ọdún ni Bàbá fi kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú; ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ìlú mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó ṣì lè fa ilà tó gún láìlo rúlà, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀.

2. Pátákó kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nílé náà. Ojú kan pupa, ojú kejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Tí o bá fẹ́ sùn, o ó yí i sí pupa. Tí o bá jí, o ó yí i sí àwọ̀ ewé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nọ́ọ̀sì á máa wò wọ́n kiri. Bó bá bá pupa, á kan ilẹ̀kùn. Bí kò bá gbọ́ ohùn, á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí i.

Lọ́jọ́ kan, oorun gbé Bàbá lọ. Nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn, Bàbá sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tó fà wálẹ̀ nídìí. Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì rẹ̀ ti wà níta.

"Bàbá, ṣé aṣọ lẹ ró yẹn, àbí kọ́tìnì ló já lé yín lórí?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mo kọ orúkọ sí iwájú báńkì," ó ń sọ fún ara rẹ̀ bó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, "èmi ni wọ́n ń jí bí ọmọ ilé ìwé."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ọ̀dà àwọ̀ ewé pa ojú pupa náà rẹ́. Iṣẹ́ náà dán débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

3. Àfi aránṣọ. Ó yí pátákó náà wò lọ́sẹ̀ kejì.

"Bàbá, pupa dà?"

"Ó ti rìnrìn àjò."

"Ẹ̀yin Bàbá yìí. Tí ara yín ò bá yá ńkọ́?"

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ara mi ò yá? Ìwọ sáà máa rán aṣọ rẹ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbàkigbà tó bá pàdé nọ́ọ̀sì lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀fun rẹ̀, á sì gbé e mì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́?

4. Oṣù méjì kọjá. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, Bàbá dìde láti po tíì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú. Ó rán ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níṣẹ́, ọwọ́ kò dáhùn. Ó fẹ́ kígbe, itọ́ ló jáde.

Ó mọ ohun tó jẹ́, nítorí nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé rọpárọsẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ̀rù kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bà á. Ó wo aago ara ògiri: tó bá di mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì á dé. Lẹ́yìn náà ló rántí ọ̀dà tó kùn.

Ó fi ìgbúnwọ́ òsì wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ìdí ilẹ̀kùn. Kò tíì dé ìdajì yàrá tó gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì. Bàtà náà dúró.

"Bàbá wa ńkọ́ o?" Ohùn aránṣọ nìyẹn.

"Wọ́n ti jí. Ẹ ò rí pátákó wọn ni? Wọn kì í pẹ́ jí mọ́."

Aránṣọ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Bàbá fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Bàtà ti lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

5. Aago méjì ọ̀sán ni aránṣọ gbé ṣòkòtò tó bá Bàbá tún ṣe wá. Ó kanlẹ̀kùn títí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó sáré sọ̀kalẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ má tíì bi mí léèrè."

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí nọ́ọ̀sì fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní oògùn kan wà tí àwọn ì bá fún un, ká ní ó tètè dé ni. Ọmọbìnrin Bàbá, tó sáré dé láti ìlú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ṣebí ìsàlẹ̀ wọn lẹ wà?"

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀ yìí, àǹtí. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n ti jí."

"Èmi mọ̀ pé wọ́n ti fi ọ̀dà pa ojú pupa rẹ́," ni aránṣọ wí. "Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti mọ̀."



6. Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà kò gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tó lè dá dìde ni ilé náà wà fún, nítorí náà yàrá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń gbé e jókòó. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà bi í pé, "Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó kó ọ̀rọ̀ náà jọ.

"Ojú... tì... mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ojú tó tì yín pé wọ́n bá yín lórí oorun kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe purọ́ àlàáfíà fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ rí i tí ẹ fi ṣe ẹ̀rín, ẹ sọ ọ́ lónìí, bí wọ́n tilẹ̀ pè yín ní ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.