Odó Tó Ń Dún ní Charleston

Gbì, gbì: ìró ọmọ odó ìyá mi kò kúrò létí mi rí. Nígbà tí irun mi ti funfun, mo tún gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Charleston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú ilé ìdáná àwọn ẹrú ayé àtijọ́ ló ti ń dún, lẹ́yìn ilé olówó kan. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má dáhùn o!" Mojíbọ́lá ọmọ mi sá wọ bọ́ọ̀sì tó gbé wa wá. "Wọ́n ní ẹni tó bá dáhùn kì í padà!"

"Ṣé ká wá bá ẹni lẹ́nu iṣẹ́ ká má kí i?" Mo pariwo: "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Odó dákẹ́.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ohùn obìnrin kan wí nínú ilé. "Ó pẹ́ kó o tó dé."

Mojíbọ́lá ń pè mí lórí fóònù. Mi ò gbé e. Nígbẹ̀yìn, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Ẹ máa lọ. Ìyá kan pè mí lọ́mọ, mi ò ní sá fún un."