Ọ̀gànwó Tó Kù

"Bí ẹ bá máa gé e, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gé!" Olùkọ́bìnrin kan dúró síwájú igi ọ̀gànwó, ó na apá méjèèjì.

Agégi pa ẹ́ńjìnì ayùn rẹ̀. "Ẹ yàgò, Tísà. Igi lásán nìyí."

"Irú rẹ̀ ń tán lọ láyé. Òun nìkan ló kù fún wa ní àdúgbò yìí."

Àwọn èèyàn tí olùkọ́ náà kó wá láti Takie hó lé agégi lórí títí ó fi gun ọ̀kadà lọ. Inú wọn dùn. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ òjìji igi náà, wọ́n jókòó.

Olùkọ́ yíjú sí igi tó gbà sílẹ̀. Nígbà náà ló rí olú tó hù yí ìdí rẹ̀ ká. Ọ̀gànwó ti wọ́n, ṣùgbọ́n olú yìí kì í wọ́n níbi tí igi bá ti ń jẹrà. Ó fọwọ́ tẹ èèpo igi náà. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé ṣinrin, bí ẹni tọwọ́ bọ búrẹ́dì tó já sómi.

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

"Ẹ dìde!" ó kígbe. "Ẹ tètè dìde!"

Wọ́n rò pé agégi ti padà dé. Tọmọdé tàgbà fò dìde, wọ́n sáré wá sí ìdí igi náà, wọ́n sì dì mọ́ ọn gbágbá.