Oríkì Dírágónì

Láti àárọ̀ ni òǹkọ̀wé náà ti ń fi idà pa dírágónì inú ìtàn rẹ̀, tó sì tún ń pa ohun tó kọ rẹ́. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Bí wọ́n ṣe ń pa á nìyí nínú gbogbo ìwé ìtàn onídán tó ti kà. Ìwé oṣó ni bàbá rẹ̀ pè wọ́n tó fi dáná sun wọ́n ní Ṣàgámù, lòǹkọ̀wé náà bá kó kúrò nílé wá sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Irolu.

"Kí ló dé tí ara rẹ ò balẹ̀?" Ìyá àgbà béèrè níbi tó ti ń bó obì.

"Ẹranko kan ni, Màmá. Iná ló ń yọ lẹ́nu. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìyọ idà."

"Ṣé wọ́n ti kì í?"

"Ẹranko náà?"

"Ẹni tínú ń bí, oríkì la fi ń pẹ̀tù sí i. Àbí idà lẹ̀yin kọ́kọ́ ń yọ?"

Òǹkọ̀wé náà pa idà rẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ló ń kọ, ó sì ń kà á sókè: "Àkànní, ọmọ afigbànja-kálejò, rọra, ilé lo wà..."

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró lórí obì.

"Ọmọ mi lò ń kì yẹn."