Àpá Kò Ní Hàn

Ọjọ́ Ajé ni káfíńtà náà kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ gbé omi kaná. Ojú fóònù tàn. Káfíńtà kì í ṣe ẹni tí í yọjú wo fóònù ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kojú ẹni, ojú á rí i.

*Pa oko re. Ma beru. Gbogbo wa la ti se e ri.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ojú fóònù tó ṣú.

Ẹni tó kọ ọ́ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nínú ẹgbẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí fóònù. Obìnrin méje péré ni wọ́n. Ọwọ́ Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé àfi Ìyá Àgbà nìkan, gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ni. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀, kò lè ya ife kó má jọ garawa. Ní báyìí, ó ń ya ọwọ́ ènìyàn, iṣan á sì hàn lára rẹ̀. Wọn kì í fi ara wọn ṣẹ̀sín níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ohun tó dára nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ohun kan ṣoṣo tó kù. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ti yìn wọ́n rí. "Àwọn wọ̀nyí sàn ju ẹbí lọ," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń jẹun, ó rí i pé ìyàwó òun ti dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó ń wo òun.

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ọrùn yín ni mo fẹ́ rí."

Ó ń wò ó bí òun náà ṣe máa ń wo pákó kó tó mú ayùn. Káfíńtà dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

"Ṣé ẹ rántí etí odò tí a ti pàdé?"

"Mo rántí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àwa méjèèjì nìkan."

Káfíńtà kò mọ odò wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ sórí ìwé kan. Bó ṣe gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí ojú ìwé náà mọ́ ògiri. "Kò tíì yá," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Fóònù tún tàn.

*Rora se e. Apa ko ni han. Ma je ko mo titi di Satide.*

Láti ọjọ́ náà, káfíńtà kò fẹnu kan oúnjẹ ilé. "Mo ti jẹun ní ṣọ́ọ̀bù" ló ń sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ọkàn rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́. Ó gé ẹsẹ̀ àga mẹ́ta gùn, ó gé ẹ̀kẹrin kúrú. Oníbàárà gbé àga náà kalẹ̀, ó wò ó bó ṣe ń mì. "Káfíńtà, ṣé àga yìí fẹ́ sá lọ ni?" Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló fẹ́ sá lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, ẹni tó ń dirun. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà bó ṣe rí i gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kóòmù sílẹ̀, ó kà á sókè.

"Pa ọkọ rẹ. Má bẹ̀rù. Gbogbo wa la ti ṣe é rí." Ó jókòó. "Gbogbo wọn, kẹ̀? A jẹ́ pé ẹgbẹ́ opó nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ṣàwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Àyà mi ló ń já. Kí lo jẹ lónìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"O ṣe é re. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ wo bí ògiri ṣe máa wó, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n á ti fà á yọ. Lọ́la, a jọ ń lọ kó ẹrù ẹ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọlé. Ìyàwó kúnlẹ̀, pẹ́ńsù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n kọjá sínú yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ bọ àpò.

"Ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò ni?" ìyàwó bi ọkọ rẹ̀. "Ṣebí ọ̀la la fẹ́ lọ sétí odò?"

"Mi ò lọ sódò kankan." Ohùn rẹ̀ jáde tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n yọ sí pálọ̀. "Kí ni àbúrò mi fi ṣe ẹ́ tó o fi fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, bóyá yóò bá òun sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ sún sẹ́yìn. Ìgbà náà ni omi lé ròrò sójú ìyàwó.

Fóònù dún lórí tábìlì. Ìyá Àgbà ni, ṣùgbọ́n kò kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́. Ìyàwó nawọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n yára gbé e.

"Má fọwọ́ kàn án. Lẹ́nu ẹni tó rán ẹ níṣẹ́ la ti máa gbọ́ ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Káfíńtà di férémù ilẹ̀kùn mú, ohùn ìyá arúgbó kan sì jáde, jẹ́jẹ́:

"O káre, ọmọ mi, ọkọ̀ ojú omi tí a ní kí o pa rẹ́ nínú àwòrán yẹn ló bo ọkọ rẹ mọ́lẹ̀ látijọ́ yìí, ó ti wá yọ kedere létí odò báyìí, ọrùn rẹ̀ gún régé, kó wá rí ara rẹ̀ lọ́la."