Fèrè Tí Clem Raistrick Fun ní Castel Merlo

Hilda Raistrick ti dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, lóṣù Kẹta ọdún 1964, ìdí rẹ̀ kò gbé orí àga kankan. Ó to ife tíì, ó tún un tò, ó tún lọ dúró níwájú ògiri tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú lójú ogun sí. Orúkọ Clem, àbúrò rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ni ẹgbẹ́ Clem. Wọn kì í rìn àfi bí ẹni tí òjò ń lé, fèrè ni wọ́n sì fi ń pàṣẹ lójú ogun. Ní Castel Merlo, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1944, wọ́n rán Clem lọ sórí afárá kó fun fèrè fún àwọn mọ́kànlá tó ti sọdá pé kí wọ́n padà. Àwọn tó kù lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan ju híhó odò lọ. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn mọ́kànlá náà kò padà, wọn kò sì rí òkú Clem. Wọ́n ní ó sá ni.

Méjọ̀ Thwaite, tó ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà, ní ìwé òun ń lọ sílé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí kò bá sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, "ó sá" ni wọn yóò tẹ̀. Ó fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn.

Walter Bishop ni, tó ti ń to òkúta ògiri oko ní àfonífojì tí ìlú wọn wà láti ìgbà tí ogun ti parí. Ọdọọdún ló ń tún ti Hilda ṣe, kò sì sọ̀rọ̀ ogun rí. Ó ṣí fìlà, ó ní òun wà níbẹ̀.

Méjọ̀ fún un ní pẹ́ńsù àti bébà pé kó ya ojú ogun náà, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Walter ya odò, ó ya afárá, ó fi ilé ọlọ sápá òsì. Méjọ̀ wo ìwé tirẹ̀: apá ọ̀tún ni. Ó bi í léèrè oòrùn. Walter ní ẹ̀yìn ló ti ń yọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo àwọn tó bọ́ níbẹ̀ ló ní ojú ló ń wọ̀ wọ́n.

"Fèrè ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fun ún, sà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ìkẹta ni kò parí. Fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀, irun rẹ̀ pupa, ojú ẹ̀ sì pọ́n bó ṣe ń fun ún."

Hilda jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Méjọ̀ pa ìwé dé. Ta ni kò mọ̀ nílùú pé irun àwọn Raistrick pupa? "Walter, mo ti wá orúkọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí níwèé wa. Mo mọ̀ pé àánú Míìsì Hilda ló ṣe yín. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Walter wí.

"Walter, má fi mí ṣeré," Hilda ní. "Kí ló dé tí ìkẹta ò fi parí?"

Walter yí bébà náà po lórí tábìlì títí ilé ọlọ fi bọ́ sápá ọ̀tún, ó fi ìka fa ìlà láti bèbè tí àwọn ọ̀tá wà dé orí afárá, ó sì ní, "Èmi ni mo yìnbọn fún un, Hilda."